Ìkòkò Òtútù Nínú Oṣù Keje

Ọbẹ̀ ẹ̀wà ni Eppo Ottens ní òun fẹ́ jẹ. Oṣù keje ni, ní ọdún tí ọ̀dá mú gbogbo ilẹ̀ Drenthe, tí koríko etí odò gbẹ débi pé ó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ bàtà pákó, tí àwọn màlúù ń bá ara wọn du òjìji igi kan ṣoṣo. Ó sọ ọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ fún un ní yàrá iwájú, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tó ti lè máa wo afárá tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣí tó sì ń pa fún àwọn ọkọ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀.

Lammigje, ìyàwó rẹ̀, ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Kí lo wí?"

"Ọbẹ̀ ẹ̀wà. Èyí tó ki. Èyí tí ṣíbí ń dúró nínú rẹ̀."

"Bàbá, oṣù keje la wà."

"Mo mọ oṣù tí a wà. Ọkàn mi ló rẹ̀, orí mi ò tíì dàrú."

"O ò lè ní sùúrù di ìgbà òtútù ni?"

Eppo yí ojú kúrò lára fèrèsé, ó wò ó. "Ìwọ ńkọ́," ló wí, "ṣé o rò pé mo lè dúró dè é?"

Lammigje gé èékánná àtàǹpàkò tó kù, ó kó gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lọ dà á sínú ààrò. Nígbà tó padà dé, ó ti wọ bàtà tó fi ń jáde.

Ní etí odò yẹn, ẹnikẹ́ni kì í se ọbẹ̀ ẹ̀wà nígbà ooru. Ìjọba ò fi òfin dè é, àlùfáà ò sì wàásù lé e lórí, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n bí wọ́n ti mọ̀ pé ìdí ni a fi ń jókòó. Oúnjẹ yìnyín ni. Ìgbà tí odò bá dì pa, tí àwọn ọmọdé ń fi bàtà onírin yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí rẹ̀, tí ọkùnrin ń ti oko bọ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti di funfun, ìgbà náà ni obìnrin ń gbé ìkòkò ńlá sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ẹni tó bá sè é ṣáájú ìgbà náà dà bí ẹni tó ń kọrin Kérésìmesì níbi ìkórè.

Òfin kejì sì wà tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ tí a bá se ọbẹ̀ yìí kọ́ ni à ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi lásán ni, omi tí ẹ̀wà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sùn. Bó bá sùn tó jí, á ti di mọ́ra wọn, wọn á wá ki ṣíbí bọ àárín rẹ̀, wọn á sì yọwọ́. Bí ṣíbí bá dúró lóòró láìsí ọwọ́ tó dì í mú, a jẹ́ pé ọbẹ̀ ti dé. Bó bá ṣubú, ẹ̀tẹ́ dé bá obìnrin náà, ọkọ rẹ̀ á sì rí nǹkan sọ nílé ọtí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀. Dókítà ti bá Aaltien ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé etí Lammigje ti darúgbó bí ẹsẹ̀ rẹ̀. Etí rẹ̀ ò darúgbó. Ó gbọ́ pé òwúrọ̀ tó kù fún bàbá náà ò pọ̀ mọ́, pé bílẹ̀ bá mọ́ bá a, kí wọ́n máa dúpẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Eppo béèrè ọbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú, ohun méjì ló béèrè pọ̀: ó béèrè ọbẹ̀, ó sì béèrè ọ̀la. Lammigje sì ti pinnu pé òun á fún un ní méjèèjì, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú.

Inú ọkọ̀ ni wọ́n bí Lammigje sí. Bàbá rẹ̀ ń kó ilẹ̀ irà gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná láti oko irà lọ sí ìlú, ìyá rẹ̀ ń bí ọmọ, ó ń dáná, ó sì ń tukọ̀ nígbà tí bàbá bá sùn. Ilé ìwé? Bí ọkọ̀ bá so mọ́ ìlú kan, á ráyè jókòó sẹ́yìn kíláàsì, kó tó mọ orúkọ ẹni tó jókòó tì í, okùn ti tú. Orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n kùn sí imú ọkọ̀ ló fi mọ ìwé kà, nítorí náà ó mọ Ìrètí, ó mọ Sùúrù, ó mọ Ojú Rere Olúwa, ó sì mọ orúkọ obìnrin púpọ̀. Gbogbo ìyókù, ẹnu àwọn ènìyàn ló ti gbà á.

Nígbà tó di ọmọge, òtútù kan mú wọn mọ́ iwájú afárá yìí. Yìnyín di ọkọ̀ wọn lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, kò ṣeé lọ, kò ṣeé bọ̀. Eppo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ afárá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Ó gbóòórùn ìkòkò, ó wá dúró sí etí odò, ó ń fẹ́ èémí sí ọwọ́. Ìyá Lammigje yọ orí látinú ọkọ̀.

"Kí lò ń wá, ọmọkùnrin?"

"Mo ń ṣọ́ afárá ni, mà."

"Afárá ò lè sá lọ, yìnyín ti dì í mú. Òní kọ́ là ń jẹ ẹ́. Padà wá lọ́la."

Ó padà wá lọ́la. Ó tún wá lọ́jọ́ kejì ọ̀la. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan, àwọn ará ibẹ̀ ò ní in lẹ́nu. Ohun tó máa ń wí bó bá dá àwo padà fún Lammigje kò ju pé, "Lọ́la ńkọ́?" lọ. Nígbà tí yìnyín yọ́, tí bàbá Lammigje ní kó ṣí afárá káwọn kọjá, Eppo ní irin afárá ti dípẹtà. Ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn wọn bú u dé orí ìyá ńlá rẹ̀. Irin kankan ò dípẹtà.

Ẹni tó ti dúró de ọbẹ̀ báyìí nígbà èwe, ta ni yóò sọ fún un lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀ pé kó má dúró dè é?

Ọ̀dọ̀ Wubbo alápatà ló kọ́kọ́ lọ. Wubbo ń fi aṣọ inura nu òógùn ọrùn, eṣinṣin ń kùn yí i ká.

"Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀," ni Lammigje wí. "Sọ́sééjì èéfín. Àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹ yan sínú èéfín."

Wubbo wò ó títí. "Màmá Ottens, ṣé oòrùn ti wọ̀ yín lágbárí ni?"

"Bàbá ló fẹ́ jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Wubbo. Gbogbo abúlé ló mọ bí Eppo ti wà. Ó wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ó pẹ́, ó kó ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ jáde pẹ̀lú ègé ẹran dúdú kan tó ti ń so rọ̀ látìgbà ìwọ́wé. "Sọ́sééjì ò sí. Ta ni í dáná èéfín nínú ooru yìí? Ẹ mú èyí lọ. Ẹ sọ fún bàbá pé mo kí wọn, pé orí wọn ò pé."

"Màá sọ fún un. Inú rẹ̀ á dùn."

Ó ku gbòǹgbò séléri. Ìyẹn ni òórùn ọbẹ̀ náà, láìsí i, kí ènìyàn kúkú se bàtà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà kì í tóbi àfi ìwọ́wé, ní oṣù keje kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Ẹni tó gbìn ín nítòsí ni Hindertje, aládùúgbò wọn, tí ọgbà rẹ̀ mọ́ tónítóní bí tábìlì ìjọ. Ó ń bomi rin ín lọ́wọ́ pẹ̀lú omi tó fi fọ abọ́.

"Hindertje, fún mi ní séléri díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí."

"Èwo? Àwọn ọmọ jòjòló yìí? Lammigje, mo ti ń pọn omi fún wọn látìgbà tí òjò ti kọ̀. Tí mo bá fa mẹ́wàá, kò tó ọ̀kan tí màá fà ní oṣù kẹwàá. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Lammigje sọ fún un.

"Nínú ooru yìí? Fún ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń lù bí aago tó ń kú? Ṣe lo fẹ́ pa á. Se omi ẹran adìẹ fún un. Gbogbo ayé ló ń fún aláìsàn ní omi adìẹ."

"Eppo kì í ṣe gbogbo ayé."

"Mi ò fún ọ. Ó sì máa ṣe mí bákan bí mo bá bá ọ pa ọkọ rẹ."

Lammigje yí padà. Ewé séléri díẹ̀ tó ń hù lẹ́yìn ilé ara rẹ̀ ló já, pẹ̀lú àlùbọ́sà eléwé àti kárọ́ọ̀tì, ó lọ gbé ìkòkò ńlá sọ̀ kalẹ̀. Eruku tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti òtútù èṣí.

Aaltien ti dé láti ìlú Assen. Ó gbé oúnjẹ aláìsàn láti ilé oògùn lọ́wọ́, èyí tó dà bí ọṣẹ ìfárùngbọ̀n nínú àwọn kóòpù kéékèèké. Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ẹ̀wà, ẹ̀wà róbótó aláwọ̀ ewé tí wọ́n ti bó tí wọ́n ti là sí méjì, ó ń fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe ohun tí mò ń rò nìyí."

"Ohun tí ò ń rò ni."

"Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ ọ̀rá. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ìkòkò yẹn, Ìyá."

"Kí ni ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yóò ṣe é, Aaltien? Ṣé yóò pa á ni?"

Aaltien jókòó sórí àga ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya bébà ara kóòpù náà sí wẹ́wẹ́.

"Mi ò ní ẹ má tọ́jú wọn," ló wí nígbà tó yá. "Mo kàn fẹ́ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i."

"Èmi náà," ni Lammigje wí. "Bó kárọ́ọ̀tì fún mi."

Báyìí ni wọ́n gbé e kaná, nínú ooru tó ń mú kí ọ̀dà ara ilẹ̀kùn rọ̀. Ẹ̀wà, omi tútù, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ègé ẹran dúdú, pòtétò mélòó kan. Lammigje ń gbọ́n ìfófó kúrò lójú rẹ̀, òógùn ń kán láti imú rẹ̀. Ó ń fi orógùn rò ó láti ìsàlẹ̀, nítorí ẹ̀wà náà fẹ́ràn àtijókòó sí ìdí ìkòkò kó sì jóná, bó bá sì jóná, òórùn rẹ̀ kì í lọ. Kò fi iyọ̀ sí i àfi nígbà tí ẹ̀wà ti fọ́. Òórùn náà gba ojú fèrèsé jáde, ó gba orí odò lọ.

Ọkọ̀ kan ń kọjá lábẹ́ afárá. Ọkùnrin tó ń tukọ̀ náà gbé imú sókè. "Ìyá, ṣé Kérésìmesì ti ń bọ̀ ni?"

"Ó ti dé," ni Lammigje wí láti ojú fèrèsé. "Ìwọ lo pẹ́."

Láti yàrá iwájú, ó gbọ́ tí Eppo rẹ́rìn-ín. Kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀.

Kó má baà jẹ́ pé iná á jó ilé mọ́ wọn lórí, nígbà tí ìkòkò ti hó dáadáa, ó gbé e sínú àpótí koríko ìyá rẹ̀, àpótí pákó tí wọ́n ki koríko gbígbẹ sí yíká. Ó bò ó ní ìrọ̀rí, ó sì jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ se é parí. Ó fa àpótí náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Eppo gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni gbọ́wọ́ lé ajá lórí.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, tí Lammigje ti kó ẹran àti eegun kúrò tó sì ti gé ẹran padà sínú rẹ̀, Aaltien bu díẹ̀ sínú àwo, ó gbé e tọ bàbá rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ tọ́ ọ wò."

Eppo fi ṣíbí rò ó. Ṣíbí ṣubú gbọn-ọ́n sára àwo. "Omi ẹ̀wà nìyí."

"Ó dùn, mo ti tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ ẹ́ báyìí."

"Lọ́la."

"Bàbá, bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé…"

"Pé kí ni? Sọ ọ́, mo ń gbọ́."

Omijé ló bá Aaltien sọ ọ́.

"Lọ́la," ni Eppo tún wí, jẹ́jẹ́. "Ìyá rẹ kì í fún mi ní ti òní. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mú mi."

Lammigje gbé ìkòkò náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó gbé e kalẹ̀ sórí òkúta ilẹ̀, ó dé e mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí, bó ti ń ṣe ní gbogbo òtútù ayé rẹ̀. Ó lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ bá Eppo. Ó la ojú, ó ní, "Ó yá, gbé e wá."

Nígbà tí Lammigje dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọrí ìkòkò ti gbéra sókè. Ìfófó ti wà lójú ọbẹ̀, ó ń mí, ó ń dún pọ́kọ́pọ́kọ́ bí ẹrẹ̀ irà. Kò nílò àtitọ́ ọ wò. Ó kan. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ òtútù nínú ooru: ní gbogbo ọdún tó ti ń gbé ìkòkò sórí òkúta yẹn, afẹ́fẹ́ tútù ló ń bá a ṣọ́ ọ, kò sì ṣẹlẹ̀ rí pé kó ní láti rántí rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sorọ̀.

Aaltien yọ sí i lẹ́yìn. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, kò ní in lọ́kàn láti sọ ọ́. "Ẹ ò bá sì ti fún wọn lánàá."

"Mo mọ̀."

"Ó ti wà nínú àwo. Ó ti wà níwájú wọn, Ìyá."

"Mo ní mo mọ̀."

Lammigje lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò jókòó. "Bàbá, ó kan."

Eppo ń wò ó. "Ọbẹ̀ rẹ? Kan?"

"Ó kan."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gòkè wá, ó di ikọ́, ikọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Wọ́n gbé e jókòó, wọ́n fún un lómi. Nígbà tó rí ohùn, ó ní, "Gbogbo òtútù tí mo fi jẹun lọ́wọ́ rẹ. Mo ní láti fẹ́ẹ̀ kú kí n tó rí i tí tìrẹ kan. Wọn ò ní gbà mí gbọ́ nílé ọtí."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ó dáa. Lọ́la nígbà náà."

"Ọ̀la ti dé, Eppo. Òun ló kan yìí."

"Òmíràn wà," ni Eppo wí, ó sì pa ojú dé, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Lammigje gbé ìkòkò lọ sẹ́yìn ọgbà, ó yí i dànù sórí òkìtì ìdọ̀tí. Hindertje wà lójú ọgbà tirẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kì í gbóòórùn rẹ̀. Lammigje dúró kí ẹ̀gàn tó mọ́ ọn lára dé. Hindertje wolẹ̀, ó wọlé lọ.

Lammigje ń ha ìdí ìkòkò lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Hindertje ká etí aṣọ iwájú rẹ̀ sókè, ó tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì: séléri kéékèèké, tewé tegbòǹgbò, erùpẹ̀ ṣì wà lára wọn. Gbogbo ebè kan ni. Kò ṣẹ́ ku ọ̀kan síbẹ̀.

"Hindertje."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mò ń bínú sí ọ síbẹ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ó ti dára bó ṣe wà ní ebè. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi ebè tó dára ṣe?" Ó sì jáde.

Wubbo ò béèrè nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí. Ó di ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sínú bébà, ó sì fi egungun ìhà kan tó ti gbẹ nínú èéfín lé e.

Wọ́n tún dáná. Aaltien ló bó séléri, kò sí ẹni tó ní kó bó o. Àwọn gbòǹgbò náà kéré débi pé ohun tó ń bọ́ sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tó kù lọ, ṣùgbọ́n òórùn wọn lágbára, ó gba gbogbo ìdáná. Lammigje ń ro ìkòkò, ó ń ronú. Àìsí òtútù ló ba tàkọ́kọ́ jẹ́. Níbo ni òtútù wà ní oṣù keje? Nígbà náà ló rí ìyá rẹ̀ lójú ọkàn, tó tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń fi okùn sọ agolo wàrà sínú odò.

"Aaltien, lọ bá mi mú okùn bàbá rẹ wá. Èyí tó fi ń so ọkọ̀."

Lábẹ́ ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ni ọ̀gbun tí omi òjò orí òrùlé ń dà sí wà. Ọ̀dá ti fa omi rẹ̀ sílẹ̀, ó ku ìwọ̀nba ní ìsàlẹ̀, nínú òkùnkùn, ó sì tutù bí ẹnu òkú. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ìkòkò náà dúró láìní ọmọrí, Lammigje ń rò ó títí ooru rẹ̀ fi jáde. Ó fi aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, ó so okùn mọ́ etí ìkòkò méjèèjì, ìdè ọlọ́kọ̀, èyí tí kì í tú. Òun àti ọmọ rẹ̀ di okùn mú, wọ́n sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá, bó bá dojú dé ńkọ́?"

"Kò ní dojú dé."

"Bí okùn bá já?"

"Okùn yìí ti mú ọkọ̀ tó kún fún bíríkì dúró. Fara balẹ̀."

Ìkòkò kan omi, ó léfòó díẹ̀, ó dúró. Lammigje so orí okùn mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Nígbà tó padà sí yàrá iwájú, èémí Eppo ti kúrú, ó ń jìnnà síra. Lammigje ò sọ fún un pé kó dúró. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Mo ti sọ okùn sílẹ̀ o. Ìwọ náà, so tìrẹ mọ́lẹ̀."

Ojú ọjọ́ mọ́, àwọn pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lábẹ́ afárá, Eppo ò la ojú. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò la ojú. Aaltien jókòó tì í, ó ti di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú. Lammigje lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dá fa okùn náà sókè, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún, ó gbé ìkòkò jáde, ó ká aṣọ kúrò. Ojú ọbẹ̀ ti dì, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ewé àtijọ́. Kò sí ìfófó. Ó tẹ imú sí i. Òórùn séléri ló gbọ́, àti ti èéfín.

Kò gbé e kaná. Ó gbé ìkòkò náà tòun ti ìwúwo rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e lé àga.

"Eppo. Ọ̀la ti dé."

Ojú náà ṣí, lọ́rálọ́rá, bí afárá tó wúwo. Ó wá ìkòkò kiri, ó rí i. Ó na ọwọ́. Lammigje fi ṣíbí sí i lọ́wọ́, ó sì di apá rẹ̀ mú nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n Eppo fúnra rẹ̀ ló ki í bọ̀ ọ́. Ó yọwọ́.

Ṣíbí dúró. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó. Eṣinṣin kan bà sí orí rẹ̀, ó tún fò lọ, ṣíbí ò mì.

"Gbé e kaná," ni Eppo wí. "Mú búrẹ́dì dúdú wá. Àti músítáàdì."

Ó jẹ ẹ́. Kò jẹ púpọ̀, ó jẹ bí ẹyẹ ti í jẹ, ó sì ń sinmi láàárín. Kò lè rún búrẹ́dì, ó lá músítáàdì ojú rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì lá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Aaltien ń nu àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí.

"Pòtétò rẹ pọ̀ jù," ló wí.

"Jẹun kí o dákẹ́."

"Ṣé ó kù?"

"Ìkòkò kún."

"Lọ́la ńkọ́?" ni Eppo wí, ó sì ń wo ìyàwó rẹ̀ bó ti wò ó láti etí odò tó dì.

Ó jẹ ẹ́ lọ́la náà, nígbà tó ti sùn lẹ́ẹ̀kejì tó sì dùn jù. Lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ kan fun fèrè níwájú afárá pé kí wọ́n ṣí fún òun. Eppo gbé ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dìde lọ ṣí i, ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì tán.

Àwọn aládùúgbò dé, nítorí ní ibẹ̀, aládùúgbò ló ń wẹ òkú, òun ló ń kéde, òun ló ń gbé pósí. Hindertje ló ṣáájú. Ó dá aago ògiri dúró, ó fa aṣọ fèrèsé pọ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ dúdú tó fi gbéyàwó. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ń bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò kọfí, òmíràn gbé kéèkì gbígbẹ tí wọ́n máa ń jẹ níbi òkú.

"Ẹ gbé ìyẹn padà," ni Lammigje wí.

Wọ́n wo ara wọn.

"Nígbà tó wà láàyè, ẹ ní kó mu omi adìẹ. Nísinsìnyí tó kú, ẹ fẹ́ jẹ kéèkì lórí rẹ̀. Ẹ jókòó."

Ó ti fa ìkòkò jáde láti inú ọ̀gbun, ó sì ti gbé e kaná. Ó bù ú fún olúkúlùkù wọn, ó kún etí àwo, ó gé búrẹ́dì dúdú, ó to ẹran lé e. Ooru ilé náà tó ohun tó lè mú ènìyàn dákú. Òógùn ń ṣàn lára àwọn obìnrin nínú aṣọ dúdú wọn, wọ́n sì ń jẹun, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Aaltien jẹ àwo méjì, kò sì wí nǹkan kan nípa iyọ̀.

Hindertje wo àwo tirẹ̀. Ṣíbí dúró nínú rẹ̀. "Lammigje," ló wí, "oṣù keje la wà."

"Mo mọ oṣù tí a wà."

Hindertje fa ṣíbí yọ. "Na músítáàdì yẹn sí mi."

Láti ìgbà náà, ní ọdọọdún, bí oṣù keje bá dé tí ooru sì mú, Lammigje a gbé ìkòkò ńlá sọ̀ kalẹ̀, a sì se ọbẹ̀ ẹ̀wà. Hindertje ní ebè kan tó ń gbìn lọ́tọ̀, tó ń fà kó tó gbó. Aaltien ń ti Assen bọ̀ wá bá a di okùn mú. Lammigje a ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀, tiwájú tẹ̀yìn, kí òórùn náà lè lọ dé ibi tó bá wù ú.

Ní ọdún kan, olùṣọ́ afárá tuntun, ọmọkùnrin kan tí kò mọ ohunkóhun, wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbafẹ́ ń ráhùn, pé òórùn ẹran èéfín nínú ooru yìí ń kó wọn ní ìríra, bóyá ìyá lè pa fèrèsé dé.

Lammigje wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Sọ fún wọn pé ẹni tí kò bá fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, kó gba odò mìíràn kọjá," ló wí. "Ìwọ ńkọ́, ṣé ebi ń pa ọ́?"

"Ó ń pa mí díẹ̀, mà."

"Padà wá lọ́la."